Ta Ló Gba Ìwọ́ Tóbilọ́ba?

Bí ẹ bá dé àdúgbò tó wà lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Ọ̀fà, tí ẹ béèrè ilé Tíṣà Àrìnpé, ẹni tí ẹ bi á kọ́kọ́ tún aṣọ ara rẹ̀ ṣe ná kó tó dá yín lóhùn. Ìbẹ̀rù àtijọ́ ni. Ó kọ́ wọn ní Ọ̀fà, ó kọ́ wọn ní Ìjàgbó, ó kọ́ wọn títí dé Òjòkú kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí kò rántí bó ṣe máa ń ṣe é. Bí ṣọ́ọ̀kì bá sọnù ní kíláàsì, tàbí tí ẹnì kan bá fọ́ ìkòkò omi, obìnrin yìí kò ní gbé pàṣán. Á jókòó ní tirẹ̀, á ní kí gbogbo wọn dìde dúró, á wá béèrè pé, "Ta ni?" Ó parí. Wọ́n á dúró títí ẹsẹ̀ á fi máa ro wọ́n, títí ẹnì kan á fi nawọ́ sókè pé, "Èmi ni, ma." Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, kò ní nà án. Á ní kó jókòó, kó má dán an wò mọ́. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ti lè la ẹnu sọ pé èmi ni, ìyẹn ti di èèyàn.

Ẹ wá wo ibi tí ayé gbé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ dé lọ́jọ́ ogbó. Ó ń wá ẹyọ ẹnì kan péré nínú gbogbo àwọn tí ìjọba ń sanwó oṣù fún, tó máa sọ gbólóhùn yẹn fún un. Kò rí i.

Abọ́sẹ̀dé, àkọ́bí rẹ̀, ló bímọ sí Kánádà. Ọmọ tí wọ́n ti ń retí títí, tí gbogbo ìjọ ti gbààwẹ̀ lé lórí títí tó fi di pé àwọn kan ń yọ́ jẹun. Nígbà tí Ọlọ́run dáhùn, tí wọ́n sọ ọmọ náà ní Tóbilọ́ba, Àrìnpé di ẹrù rẹ̀, ó wọ bàálù, ó lọ wẹ ọmọ. Ọkọ rẹ̀, Olúṣẹ̀yẹ, kò lè bá a lọ. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún rẹ̀, ó sì ti mú ẹnu rẹ̀ wúwo. Bàbá yìí, òṣìṣẹ́ rélùwéè ni títí tó fi fẹ̀yìn tì, olórí kunkun kan báyìí tí kì í fọwọ́ sí ohun tí ojú rẹ̀ ò bá rí. Nítorí pé ó kọ̀ láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹrù tí wọ́n jí gbé kò dé ọ̀dọ̀ wọn rárá, àwọn ọ̀gá rẹ̀ gbé e kúrò ní ibùdó tó wà lọ sí inú igbó kan tí ọkọ̀ kì í dúró. Ó lọ. Kò purọ́.

Ohun kan ṣoṣo ni bàbá yìí bẹ ìyàwó rẹ̀ kó bá òun mú bọ̀. Kì í ṣe aṣọ, kì í ṣe bàtà.

"Ìwọ́ ọmọ yẹn," ló wí. "Bó bá ti já, bá mi mú un bọ̀ wálé."

Igi ọsàn kan wà lẹ́yìn ilé wọn. Ìdí rẹ̀ ni wọ́n sin ìwọ́ Olúṣẹ̀yẹ fúnra rẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ló sì sin ti gbogbo ọmọ rẹ̀ sí. Ó ní ọmọ tó máa dàgbà láàárín àwọn tí kò lè pe orúkọ rẹ̀ já gaara, ó kéré tán kó ní ibì kan láyé yìí tó lè na ìka sí pé ibí ni ìwọ́ mi wà. Ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin ín kí ọwọ́ òsì tó kù yìí tó tún kọṣẹ́.

Nígbà tí ìwọ́ já, Abọ́sẹ̀dé fi òrí pa á, ó fi òwú wé e, ó gbé e sínú agolo róòbù tó ti tán, ó sì fi lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó bọ́ o. Ọjọ́ tí Daddy bá fẹ́ sin ín, ẹ pè mí lórí fídíò. Mo fẹ́ kí Tóbilọ́ba náà wà níbẹ̀."

Àrìnpé so agolo náà mọ́ ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, bí àwọn ìyá wa ti ń so owó.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ níbí yìí. Ìwọ́ ọmọ kì í ṣe ohun tí à ń pariwo rẹ̀. Ìyá tó bí Àrìnpé kì í tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀ lójú àlejò, "ẹrù ọmọ" ló máa ń pè é. Wọ́n ní bó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni ibi, ó lè fi ọmọ náà ṣe bó ṣe fẹ́. Àrìnpé jẹ́ ìyá ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, bí ẹ bá bi í léèrè, á ní òun ò gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́. Ọkàn rẹ̀ lè má gbà á gbọ́ lóòótọ́, àmọ́ ẹnu rẹ̀ gbà á gbọ́, ẹnu ló sì kó o sí yọ́ọ́yọ́ọ́.

Àwọn òyìnbó yẹ̀ ẹ́ wò lọ́hùn-ún, wọ́n wo agolo, wọ́n ní kó máa lọ. Ó dé Nàìjíríà láyọ̀. Ọmọ rẹ̀ ti san owó bàálù kejì tó máa gbé e dé Ìlọrin, nítorí pé ẹ̀rù ọ̀nà ń bà wọ́n. Pápákọ̀ òfurufú tó ti fẹ́ pààrọ̀ bàálù yìí, a ò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ti gba irú ibẹ̀ kọjá mọ ohun tí à ń sọ.

Ìlà gùn, kò sì nírìn. Ooru ń mú, ẹ̀rọ amúlétutù ò ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kó bọ́ bàtà, ó bọ́ ọ. Wọ́n ní kó tú gèlè, ó tú u, ó dúró pẹ̀lú irun funfun rẹ̀ níta bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ balùwẹ̀. Ibẹ̀ ló wà tí ọkùnrin kan nínú agbádá ńlá fi gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, òun àti àwọn mẹ́ta tó ń gbé àpò tẹ̀lé e. Kò bọ́ bàtà. Ẹnikẹ́ni ò wo àpò rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tilẹ̀ ń kí i pé, "Ẹ kú ìrìn, sà."

"Ṣé àpò tiyín ò lè dún ní ẹ̀rọ ni, sà?" Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn. Gbogbo ìlà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé inú. Ọkùnrin alágbádá ò bojú wẹ̀yìn.

Ìgbà tó kan Àrìnpé, ẹ̀rọ ké. Ọmọ obìnrin kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lára, ó bá agolo níbi ìṣẹ́tí ìró. Ó ké sí ọkùnrin kan tó jókòó ti tábìlì, èyí tó dà bí ọ̀gá wọn. Káàdì orúkọ wà lọ́rùn ọkùnrin náà, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ síta.

"Màmá, kí lèyí?"

Àrìnpé wo ẹ̀yìn. Gbogbo ìlà ti na etí. Ẹnu rẹ̀ sì ṣe ohun tí wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré.

"Oògùn ni."

"Oògùn kí ni?"

"Oògùn ẹ̀fọ́rí ni, ọmọ mi."

Ọkùnrin náà tú òwú. Ó rí ohun dúdú gbígbẹ kékeré kan tí òrí ń dán lára rẹ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó yí imú padà.

"Ó dáa. Ẹ tọ́ ọ lá díẹ̀, kí n rí i."

Yéè! Àrìnpé fà sẹ́yìn bí ẹni tó tẹ iná. Ìyẹn gan-an ló sì pa á. Ojú gbogbo wọn yí padà, torí ta ni ń sá fún oògùn ara rẹ̀, bí kò bá ní ohun tó ń gbé pamọ́?

"Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí kọ̀rọ̀," ló wí. "Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín."

Ọ̀rẹ́ mi, ẹni tó bá ń gbé ní ilẹ̀ yìí mọ ohun tí kọ̀rọ̀ túmọ̀ sí ní ẹnu tábìlì ìjọba. Ojú ọkùnrin náà rọ̀ lọ́gán. Ó bá a dé ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó sì rọra ṣí àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì tó wà níbẹ̀. Àrìnpé ò fi nǹkan kan sí i. Ó sún mọ́ etí rẹ̀ ni.

"Ìwọ́ ọmọ ọmọ mi ni. Ẹ má bínú. Bàbá rẹ̀ àgbà ló fẹ́ sin ín."

Ọkùnrin náà pa ọwọ́ dé. Ó wò ó látòkè délẹ̀, ó sì kígbe sí àwọn yòókù pé, "Ẹ gbọ́ o! Màmá ní ìwọ́ ni o! Ìgbà wo ni wọ́n ń fi ìwọ́ wo ẹ̀fọ́rí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn èrò tó wà lórí ìlà náà rẹ́rìn-ín, àwọn tí wọ́n jọ ń bú ìjọba ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n sì ń pe èrò ìkẹyìn sínú bàálù. Ọkùnrin náà fa dúrọ́ọ̀ tábìlì, ó ju agolo náà sí i, ó tì í pa.

"Ẹ máa wá gbà á, Màmá, nígbà tẹ́ ẹ bá rántí èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì."

Ó bẹ̀ ẹ́. Tíṣà Àrìnpé, tí àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n ń dọ̀bálẹ̀ fún lọ́jà Òwódé, ó kúnlẹ̀ sórí símẹ́ǹtì tútù láìwé gèlè. Wọ́n ní ó ń dí ọ̀nà. Ẹnì kan fà á lápá, wọ́n tì í sọ́nà bàálù, ó sì wọ̀ ọ́ lọ sí Ìlọrin.

Nígbà tí kẹ̀kẹ́ já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé, ọkọ rẹ̀ ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti ń dúró dè é.

"Káàbọ̀ o, Ìyá Abọ́sẹ̀dé. Ó dà?"

"Ó wà nínú ẹrù tó ń bọ̀ lẹ́yìn," ló wí. Kò rò ó kó tó sọ ọ́. Ó rò pé kò ní pẹ́ tí òun á fi rí i gbà padà.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó pe ilé-iṣẹ́ bàálù. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ kì í ṣe tiwọn, ti ìjọba ni. Ó pe nọ́ńbà ìjọba tí wọ́n fún un. Ìyẹn ní àwọn ò gba nǹkan lọ́wọ́ èrò, àwọn tó ni pápákọ̀ ni kó bá sọ̀rọ̀. Àwọn tó ni pápákọ̀ ní kó lọ bá ilé-iṣẹ́ bàálù. Wọ́n fi obìnrin náà ṣe bọ́ọ̀lù, wọ́n ń gbá a kiri. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Ìlọrin, ó jókòó títí oòrùn fi wọ̀, ọmọbìnrin kan wá sọ fún un pé ẹni tó yẹ kó rí ti lọ sí ìpàdé. Ó tún lọ. Ẹni náà ṣì wà ní ìpàdé. Irú ìpàdé wo nìyẹn ná? Ṣé wọ́n ń dá ayé tuntun níbẹ̀ ni?

Ibi gbogbo tó dé, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi í.

"Kí lorúkọ ẹni tó gbà á lọ́wọ́ yín, ma?"

"Ẹ̀yìn káàdì rẹ̀ ló kọ síta."

"Háà. Bí ẹ ò bá mọ orúkọ rẹ̀, ma, kò sí ohun tá a lè ṣe."

"Ẹ pe gbogbo àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ní kí wọ́n dìde dúró. Ẹ bi wọ́n pé ta ni."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, irú èyí tí à ń rín sí arúgbó. Àrìnpé gbé àpò rẹ̀, ó dìde. Ó rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe àárẹ̀ ẹsẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́ bí ó ti ń rẹ ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ohun kan, tó wá dàgbà tán tó rí i pé nǹkan yẹn ò sí níta rárá.

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, bẹ́ẹ̀ la máa ń fi yangàn. Àmọ́ ẹni tó bá máa jìjàkadì gbọ́dọ̀ rí ẹni tó máa dì mú. Ta ni Àrìnpé fẹ́ dì mú? Ohùn inú fóònù ni àbí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì?

Láàárín gbogbo èyí, ọkọ rẹ̀ ń bi í láràárọ̀ pé, "Ẹrù yẹn ńkọ́?" Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀. Ohùn bàbá náà sì túbọ̀ ń wúwo sí i, ife tí ọwọ́ òsì ń gbé tẹ́lẹ̀ ti ń gbọ̀n. Abọ́sẹ̀dé náà ń pè láti òkè òkun: Mummy, ọjọ́ wo ni? Nígbà tó yá, bàbá fúnra rẹ̀ dá ọjọ́. Ó ní Sunday tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn, ó sì sọ fún ọmọ rẹ̀. Ó bẹ Ìbráhìm, oníkẹ̀kẹ́ tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wọn, kó bá òun gbẹ́ ihò kékeré kan sí ìdí igi ọsàn. Ìbráhìm gbẹ́ ẹ, kò gbowó.

Ọjọ́ Sátidé, fóònù Àrìnpé dún. Ọ̀gá kan ni, láti pápákọ̀ yẹn. Ọ̀gá gidi, ohùn rẹ̀ tutù, ó kí i dáadáa. Àrìnpé rò pé wọ́n ti rí i.

"Màmá, a ti wádìí ọ̀rọ̀ yín. Gbogbo àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn ní àwọn ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ màmá kankan."

"Ẹ̀yin ẹ wo inú dúrọ́ọ̀ tábìlì yẹn, sà. Àbí ẹ wo kámẹ́rà. Mo rí kámẹ́rà lókè."

"Kámẹ́rà yẹn ò ṣiṣẹ́, ma."

"Èmi ò bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́. N ò ní kí wọ́n lé ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Kí ẹni tó gbà á ṣáà sọ pé òun ni, kó sì sọ ibi tó jù ú sí. Bó bá jẹ́ orí ààtàn ni, màá wá a."

Ohùn ọ̀gá náà lọ sílẹ̀ díẹ̀. Ó jọ pé ojú tì í, àbí iná fóònù ló fẹ́ tán, ta ló mọ̀.

"Ma, nínú ìwé tiwa, kò sí ohun tó sọnù. Ẹ ṣe sùúrù."

Ó kí i pé ó dàbọ̀. Àrìnpé gbé fóònù sílẹ̀, ó bu ẹ̀wà sínú abọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa á. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran.

Ọjọ́ kejì, wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ìbráhìm gbé àga bàbá lọ sí ìdí igi ọsàn, ó bá tirẹ̀ lọ. Olúṣẹ̀yẹ jókòó pẹ̀lú fìlà tó wọ̀ lọ ìsìn lórí, fóònù wà ní itan rẹ̀, ihò wà níwájú rẹ̀, erùpẹ̀ àti ọkọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò. Ó na ọwọ́ òsì sí ìyàwó rẹ̀.

Àrìnpé kúnlẹ̀.

"Bàbá Abọ́sẹ̀dé, kò sí lọ́wọ́ mi. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi ní pápákọ̀. Wọ́n ní kí ni, mo ní oògùn ẹ̀fọ́rí ni. Ìgbà tí mo wá sọ òótọ́, wọn ò gbà mí gbọ́ mọ́. Kò sí ẹrù kankan tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Irọ́ ni mo ń pa fún yín. Èmi ni."

Olúṣẹ̀yẹ wo ihò náà. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀ ọ̀tún, àmọ́ ojú yẹn máa ń ṣomi láti ìgbà tí àìsàn ti mú un, èèyàn ò lè mọ̀.

"Ta ló gbà á?" ló bi í nígbà tó yá.

"Wọ́n ní kò sẹ́ni tó gbà á."

Bàbá náà mi orí. Ó mọ irú èsì yẹn. Ó ti gbé inú igbó nítorí irú rẹ̀.

"Dìde ńlẹ̀," ló wí. "Dí ihò yẹn. Ewúrẹ́ á já sí i."

Àrìnpé di orúnkún mú, ó dìde. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá ọkọ́ mú ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní itan bàbá. Abọ́sẹ̀dé ni. Ojú rẹ̀ kún inú fóònù, ó wé gèlè bí ẹni tó wà nílé, ó gbé ọmọ náà sí àyà. Tóbilọ́ba ń yán.

"Daddy! Ẹ kú ọ̀sán, sà. Ṣé a ò ti pẹ́ jù? Ọmọ yìí ni kò tètè jẹ́ kí n múra. Ṣé ẹ ti sin ín?"

Àrìnpé la ẹnu. Ó fẹ́ sọ ọ́, kó parí lẹ́ẹ̀kan. Olúṣẹ̀yẹ gbé ojú sí i, ó mi orí fún un pé kó má sọ ọ́, ó sì kọ ojú sí ọmọ rẹ̀.

"A ti sin ín," ló wí. Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ ó pè é já. "Ó ti wọlẹ̀. Ìyá rẹ ló ń bo erùpẹ̀ lé e yẹn."

Ó yí fóònù síwájú, kí Abọ́sẹ̀dé lè rí igi ọsàn, àti ilẹ̀, àti ìyá rẹ̀. Abọ́sẹ̀dé bú sẹ́kún. Ó gbé ọmọ náà sókè síwájú fóònù.

"Tóbilọ́ba, wò ó. Wo ibẹ̀ yẹn. Ibẹ̀ nilé ẹ. Ẹnikẹ́ni ò lè gbà á lọ́wọ́ ẹ."

Àrìnpé bẹ̀rẹ̀. Ó fa erùpẹ̀ sínú ihò náà títí tó fi kún, ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, nítorí pé ọmọ rẹ̀ ń wò ó.